Ẹ Má Kàn Fi Ọdún Pín In: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Ìṣirò Ìbísí Èèyàn

Lọ́jọ́ Sátidé, níbi lẹ́sìnì tí mo ń ṣe fáwọn ọmọ ní Òkè-Fìà, ní Òṣogbo, mo kọ nọ́ńbà méjì sójú pátákó: 88,992,220 àti 140,431,790. Àkọ́kọ́ ni iye èèyàn tí wọ́n kà ní Nàìjíríà ní 1991, ọdún tí ìlú wa yìí di olú-ìlú ìpínlẹ̀. Èkejì ni ti 2006. Mo ní, pasẹ́ǹtì mélòó la fi ń pọ̀ sí i lọ́dún?

Mi ò tíì gbọn ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ tán tí ọmọbìnrin kan ti dáhùn. “Pasẹ́ǹtì 57.8 ló fi lé, sà. Tá a bá fi 15 pín in, 3.85 ni.” Gbogbo wọn ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ má ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ fi 3.85 yẹn bẹ̀rẹ̀ láti 1991, kẹ́ ẹ máa fi kún un lọ́dọọdún. Tẹ́ ẹ bá fi dé 2006, bíi mílíọ̀nù 157 lẹ máa bá níbẹ̀. Níbo ni mílíọ̀nù 16 ti wá? Èèyàn kì í pọ̀ bí owó kóló, tí à ń ju iye kan náà sí lójoojúmọ́. Owó sọgúndogójì ló jọ: èlé ọdún yìí á wọnú owó, tọdún tó ń bọ̀ á tún gorí àpapọ̀ rẹ̀.

Ẹ fi 88,992,220 pín 140,431,790. Ó di 1.578. Lọ́ọ̀gì rẹ̀, ìyẹn agbára tá a máa gbé 10 sí kó tó di 1.578, jẹ́ 0.1981. Lọ́ọ̀gì yìí lẹ máa fi 15 pín (ibí gan-an ni pípín ti wúlò), ó di 0.0132, kẹ́ ẹ wá yí i padà láti lọ́ọ̀gì sí nọ́ńbà gidi: 1.0309. Pasẹ́ǹtì 3.09 ni.

Àwọn àṣìṣe tó kù kò le. Pasẹ́ǹtì 3, 1.03 là ń kọ, kì í ṣe 1.3; ẹni tó bá kọ 1.3, Nàìjíríà tirẹ̀ á ti lé ní bílíọ̀nù 4 ní 2006. Bákan náà, tá a bá ń wá iye èèyàn lẹ́yìn ọdún 15, 1.03 nìkan là ń fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ títí á fi pé 15; iye èèyàn, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń wọlé. Ẹni tó bá kó méjèèjì sínú àkámọ́ kan náà, ẹ̀rọ ìṣirò rẹ̀ á ní òun ò lè ṣe é.

Ọmọkùnrin kan tó jókòó lẹ́yìn, tí kì í sábà sọ̀rọ̀, wá bi mí pé: “Sà, oṣù wo ni wọ́n kà wọ́n?”

Ti 1991, ìparí oṣù Kọkànlá ni. Ti 2006, oṣù Kẹta. Ọdún 14 àti oṣù mẹ́rin ló wà láàárín wọn. Tá a bá fi 14.33 pín lọ́ọ̀gì yẹn, pasẹ́ǹtì 3.2 ló máa ń sún mọ́. Mo mú dọ́stà, mo nu 15 tèmi kúrò lójú pátákó.