Tábúlẹ́ẹ̀tì Tí Ojú Rẹ̀ Kò Gbọ́ Ìka Mọ́: Bí Mo Ṣe Tún Un Ṣe Nílé

Tábúlẹ́ẹ̀tì Android náà ń tàn, ó ń dún, àmọ́ kò gbọ́ ìka. Mo kọ́kọ́ yọ ọ́ lára ṣájà, torí ṣájà gbàrọgùdù lè da ojú rú títí á fi máa tẹ ara rẹ̀. Kì í ṣe òun. Mo fi aṣọ rírọ̀ tó gbẹ nù ún, mo sì ṣí gíláàsì ààbò kúrò. Ojú yìí kì í wo agbára tí a fi tẹ̀ ẹ́. Iná tín-ín-rín tí ìka ń fà kúrò lára rẹ̀ ló ń mọ̀, ìdí nìyẹn tí omi àti òógùn fi ń tàn án jẹ.

Mo wá di bọ́tìnì ìtanná àti ti ìdínkù ohùn mú pọ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 15, ó kú, ó sì tún tàn. Ó ń gbọ́ báyìí, àfi ibì kan láàárín.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń sáré ṣe factory reset, ìyẹn pípa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́, tí fọ́tò wọn á sì lọ lásán. Mo ki OTG, ìyẹn ẹnu kékeré tí a fi ń so nǹkan oní-USB mọ́ tábúlẹ́ẹ̀tì, bọ ihò ṣájà, mo so mouse oní-wáyà mọ́ ọn, ọfà sì yọ lójú rẹ̀. Mo fi í wọ Settings, mo tẹ Build number lẹ́ẹ̀méje, Developer options sì yọ, mo wá tan Pointer location nínú rẹ̀, èyí tó ń ya ìlà síbi tí ìka bá gbà. Mo fi ìka fa ìlà láti òkè wálẹ̀: ó dé àárín, ó já, ó tún bẹ̀rẹ̀ ní ìwọ̀n ìka méjì sísàlẹ̀. Ibi mẹ́fà ni mo ti fà á, ọ̀gangan kan náà ló ń já. App kì í bàjẹ́ báyẹn. Wáyà ni, tàbí gíláàsì.

Mo pa á, mo fi dráyà irun mú etí ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́wọ́ọ́wọ́, mo fi káàdì ATM tó ti kú ṣí i. (Bí bátìrì bá ti wú, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ má fi nǹkan kan án.) Wáyà bátìrì ni mo kọ́kọ́ yọ. Wáyà pẹlẹbẹ tó ti ojú wá ti yọ díẹ̀ lápá kan, bó ṣe máa ń rí tó bá ṣubú. Mo gbé ìdè dúdú ẹnu rẹ̀ sókè, mo tì í wọlé kó tọ́, mo sì dè é padà.

Mi ò lẹ ẹ̀yìn pa kí n tó dá wáyà bátìrì padà, kí n sì tún ìlà yẹn fà. Ká ní ó ṣì já, gíláàsì tuntun ló kù. Kò já.