Ẹ wọn kókó tí kò dunni lábẹ́ awọ
Bí ẹ bá rí kókó kékeré tí kò dunni lábẹ́ awọ, ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ àti déètì sílẹ̀, kí ẹ sì tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2, nítorí pé ohun tí dókítà yóò fẹ́ mọ̀ ni bóyá ó ń tóbi sí i, ìka ọwọ́ kì í sì í rántí ìyẹn dáadáa. Ẹ má ṣe máa tẹ̀ ẹ́ (ó ṣòro, mo gbà), torí pé títẹ̀ léraléra lè mú un wú. Ṣùgbọ́n èyí tó le gbagidi, tí kì í sún nígbà tí a bá tì í, tàbí tó wà ní ọmú tàbí kórópọ̀n, kì í ṣe ti rúlà: ẹ tètè lọ fi han dókítà.