Bí mo ṣe mú kí mítà pH dúró sójú kan nínú omi dísítílì

Bí mítà pH, ẹ̀rọ tó ń wọn bí ásíìdì inú omi ṣe tó, bá ti wọ inú omi dísítílì (omi tí a sè, tí a gba oru rẹ̀ padà di omi), nọ́ńbà kì í dúró: 6.8, 6.3, 5.9, ó ń lọ sílẹ̀ ṣáá. Mo fi omi òṣùwọ̀n, èyí tí a ti mọ pH rẹ̀ sí 4 àti 7, tún mítà ṣe, pàbó. Mo pààrọ̀ ọ̀pá rẹ̀ tó ń wọ inú omi, bákan náà ni.

Àìsí iyọ̀ ló fà á. Iyọ̀ tó yọ́ sínú omi ló ń gbé iná mànàmáná kọjá fún mítà, omi yìí kò sì ní in.

Iyọ̀ kan tó ń jẹ́ potassium chloride ló yanjú ẹ̀. Po ó mọ́ omi títí kò fi ní yọ́ mọ́, kí ìyókù sì wà nísàlẹ̀. Fa 0.3 mL nínú omi tó wà lókè, dà á sínú 100 mL omi tí o fẹ́ wọ̀n, rò ó jẹ́jẹ́, kí o sì dúró. Iyọ̀ yìí kì í ṣe ásíìdì, agbára káká ló fi ń yí pH padà. Má ṣe fi sodium bicarbonate rọ́pò rẹ̀ o! Ìyẹn á gbé pH kọjá 8.

Bó bá dúró ní nǹkan bíi 5.6, òótọ́ ni mítà ń sọ: carbon dioxide inú afẹ́fẹ́ ló wọnú omi. Bí ọ̀pá bá ti gbẹ tàbí dọ̀tí, èyí lè má ràn án.