Bí mo ṣe mú àwọn ọmọ mi mọ kọ̀ǹpútà

Kí àwọn ọmọ mi tó mọ ìwé kà ni wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìka fa ojú fóònù kí fídíò mìíràn lè jáde. Àwọn èèyàn a ní ọmọ tó bá ti mọ ìyẹn ti mọ kọ̀ǹpútà nìyẹn. Èmi ò gbà. Òǹwòran lásán ni ọmọ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kí tèmi mọ bí wọ́n ṣe ń rán ẹ̀rọ níṣẹ́, ni mo bá gbé láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan kalẹ̀ fún àwọn méjì tó ti dàgbà díẹ̀: ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọdún 9, àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 6. Àbíkẹ́yìn ò tíì pé ọdún méjì, kò sí tiẹ̀ níbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ ní 2019 pé jíjókòó wo ojú ẹ̀rọ kò yẹ ọmọ tó kéré tó bẹ́ẹ̀.

Mo ṣí akántì ọ̀tọ̀ fún wọn, èyí tí kò lè gba nǹkan tuntun wọlé láìsí pásíwọ́ọ̀dù mi. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, kó ṣì rí bẹ́ẹ̀ ná. Mo fi ètò mẹ́ta sí i: Tux Paint tí wọ́n fi ń yàwòrán, GCompris tó kún fún eré ìkẹ́kọ̀ọ́, àti Scratch tí ọmọdé fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Ọ̀fẹ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí wọ́n bá sì ti wọlé tán, wọn ò nílò dátà mọ́. Mo wá pa íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Pálọ̀ ni láptọ́ọ̀pù náà wà, níbi tí gbogbo wa ń gbà kọjá.

GCompris ni mo fi kọ́ àbúrò bí wọ́n ṣe ń lo máòsì. Ó ní eré kan níbẹ̀ tí ọmọ á máa fa máòsì kọjá lórí ohun tó bo àwòrán, títí ẹranko tó wà lábẹ́ rẹ̀ á fi yọ. Ìyẹn ò ni ín lára. Títẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra ni wàhálà: kó tó tẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì, àsìkò á ti kọjá. Mo lọ síbi tí wọ́n ti ń tún máòsì tò, mo jẹ́ kí ẹ̀rọ náà fún un láyè díẹ̀ sí i láàárín ìtẹ̀ méjèèjì. Ara tù ú. Ó yà mí lẹ́nu pé àwọn òbí kì í sábà dé ibẹ̀.

Fún ẹ̀gbọ́n, fáìlì ni. Ó tẹ orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó fi í pamọ́ sínú fódà tirẹ̀, mo sì ní kó pa kọ̀ǹpútà. "Mọ́mì, ṣé kò ní parẹ́?" Ó tún un tàn, ó bá a níbi tó fi í sí.

Kí a tó dé orí Scratch, mo sọ ara mi di róbọ́ọ̀tì. Mo ní kí wọ́n pàṣẹ tó máa gbé mi dé ẹnu ọ̀nà. "Mọ́mì, ẹ lọ síbi ilẹ̀kùn." Mi ò mira. Róbọ́ọ̀tì ò mọ ilẹ̀kùn. "Ẹ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè." Mo gbé e sókè, mo sì fi í sílẹ̀ lókè bẹ́ẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n àṣẹ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í péye. (Mo fura pé pípàṣẹ fún ìyá wọn gan-an ló dùn mọ́ wọn jù.)

MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, ló gbé Scratch jáde ní 2007, fún ọmọ ọdún 8 sí 16. Ọmọ ò ní tẹ kóòdù, ìyẹn àwọn àṣẹ tí wọ́n ń kọ fún kọ̀ǹpútà. Á kàn máa to bọ́lọ́ọ̀kù àṣẹ mọ́ra wọn. Ológbò kan ló máa kọ́kọ́ bá níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní kí ológbò máa rìn láìdúró, ó sì lọ há sí ẹ̀gbẹ́. Ó fi bọ́lọ́ọ̀kù tó ń dá a padà kún un. Ológbò padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ lókè! Mi ò bá a tún un ṣe. Mo gé ológbò kan láti ara bébà, ó kọjú sí ọ̀tún, mo ní kó yí i bí ọwọ́ aago títí á fi kọjú sí òsì. Orí ti wà nísàlẹ̀. "Háà, yíyí ló ń yí, kì í ṣe pé ó ń ṣẹ́rí padà." Ó fúnra rẹ̀ wá bọ́lọ́ọ̀kù tó ní kó máa kọjú sí ọ̀tún àti òsì nìkan.

Íntánẹ́ẹ̀tì ló kẹ́yìn, a sì jọ ń wọ̀ ọ́ ni. Pásíwọ́ọ̀dù wọn jẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí kò bára tan. Orúkọ ní kíkún, ilé ìwé àti àwòrán wọn ò gbọ́dọ̀ bọ́ síta. Ẹ̀gbọ́n bèèrè ìdí tí ọ̀pọ̀ ìkànnì fi ń sọ pé ó dìgbà téèyàn bá pé ọdún 13. Mo ṣàlàyé òfin COPPA fún un, èyí tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1998 láti dáàbò bo ìsọfúnni àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13. Inú rẹ̀ ò dùn.

Ní báyìí, ó ń ṣe eré kan tí ológbò ń lé eku, àbúrò sì ni ó ń ya eku náà nínú Tux Paint. Irú fáìlì àwòrán tí wọ́n ń pè ní PNG ló ń jáde níbẹ̀, Scratch sì ń gbà á wọlé, àfi pé ojú ewé funfun máa ń bá eku wá. Wọ́n wà nídìí bí wọ́n ṣe máa pa funfun náà rẹ́.