Ẹ má kánjú gún ẹṣin lábẹ́rẹ́: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nípa àìsàn eégbọn

Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, tí koríko ga ní Gwagwalada, Kuje àti ẹ̀yìn odi Ilọrin, àsìkò eégbọn dé nìyẹn. Àìsàn tí eégbọn ń gbé wọ ara ẹṣin ni àwọn dókítà ẹranko ń pè ní piroplasmosis. Kòkòrò méjì ló ń fà á, Theileria equi àti Babesia caballi. Inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń gbé, wọ́n á máa bí sí i níbẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ pupa á fi máa bẹ́. Àìsàn yìí ń pa ẹṣin lóòótọ́, àmọ́ ìtọ́jú oníwàdùwàdù náà ń pa á, èyí ló sì ń dunni jù.

Ibi tí àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀ rèé: ẹṣin kọ oúnjẹ láàárọ̀, olùtọ́jú ní sammore ni, wọ́n po oògùn diminazene tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Berenil, wọ́n gún un. Sammore, tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, jọ àìsàn eégbọn púpọ̀: ibà, àìtó ẹ̀jẹ̀, ẹsẹ̀ wíwú. Berenil lè ran ẹni tó ń tọ́jú sammore tàbí Babesia lọ́wọ́, àmọ́ Theileria kì í sábà gbọ́ tirẹ̀. Ibà á lọ sílẹ̀, inú olówó ẹṣin á dùn, kò ní pẹ́ tí yóò tún padà. Bí ẹ bá wá gbé ẹ̀jẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò lẹ́yìn abẹ́rẹ́, kòkòrò lè ti fara pa mọ́, a ò sì ní mọ ohun tó ń ṣe é.

Tẹmómítà ni ká kọ́kọ́ mú. Ara ẹṣin tó le máa ń wà láàárín 37.5 sí 38.5, bó bá ti kọjá 40, ọ̀rọ̀ ti dé ojú ẹ̀. Ẹ gbé ètè rẹ̀ sókè, ẹ wo èrìgì: ṣé ó funfun, àbí ó ti pọ́n rúsúrúsú bí ojú ẹni tí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ mú? Ẹ wo ìtọ̀ náà. Bó bá dúdú bíi zobo, ẹ̀jẹ̀ tó ti bẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí dókítà gba ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò onídèérí elése àlùkò, èyí tí kì í jẹ́ kó dì, kó sì fi ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ láti etí ẹṣin ra gíláàsì. Inú tútù ni kí ìgò náà wà, kó má di yìnyín. Lábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, Theileria mẹ́rin máa ń so pọ̀ bí àgbélébùú. Babesia tóbi jù ú lọ, méjì-méjì la sì ń rí i. Bí àìsàn náà bá ti pẹ́ lára, awò lè má rí nǹkan kan, ẹ bèèrè fún àyẹ̀wò ELISA, tó ń wá àmì pé ara ti bá kòkòrò náà jà, tàbí PCR, tó ń wá àbùdá kòkòrò náà fúnra rẹ̀. Ẹ̀ka ìtọ́jú ẹranko ní Ahmadu Bello University, Zaria, àti ilé ìwádìí ẹranko ní Vom la sábà máa ń tọ́ka àwọn èèyàn sí.

Imidocarb ni oògùn tí a gbára lé jù, òun náà la sì ń ṣì lò jù. Ojú ni wọ́n fi ń wọn ẹṣin. Wọ́n á ní "á tó 400 kílò", nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹṣin wa ní Àríwá kò ju bí 300 lọ. Ẹ fi téèpù yí àyà rẹ̀ ká lẹ́yìn apá iwájú, ẹ tún wọn gígùn rẹ̀ láti ṣóńṣó èjìká dé ṣóńṣó ìdí. Ẹ fi ìwọ̀n àyà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ tún fi gígùn sọ èyí tí ẹ rí di púpọ̀, kí ẹ wá fi 11,877 pín in. Bí àyà bá jẹ́ 160 sẹ̀ntímítà, tí gígùn jẹ́ 140, ẹṣin náà tó 302 kílò. Fún Babesia, 2.2 mílígíráàmù lórí kílò kan ni, lẹ́ẹ̀mejì, wákàtí 24 láàárín wọn. Nínú oògùn tó ní 120 mílígíráàmù nínú mílílítà kan, bíi 5.5 mílílítà nìyẹn fún ẹṣin oní 302 kílò yìí, nígbà kọ̀ọ̀kan. Ti Theileria le ju bẹ́ẹ̀ lọ, dókítà ni kó pinnu rẹ̀. Inú iṣan ẹran ara ni kí abẹ́rẹ́ yìí wọ̀, ẹ má gún un sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ láéláé. Ó ń fa inú rírun, itọ́ dídà àti ìgbẹ́ gbuuru, nítorí náà kí dókítà ti ní oògùn tó ń dẹ ìfun lọ́wọ́. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kò lè gbà á bí ẹṣin. Ìwọ̀n tí ẹṣin gbé dúró lè pa á.

Ọ̀kan wà tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀ lónìí: ẹ má wẹ ẹṣin ní amitraz. Oògùn eégbọn màlúù tó dára ni, ó sì kún ọjà, ṣùgbọ́n lára ẹṣin ó ń dá ìfun dúró. Ìgbẹ́ á gan sínú. Ẹ gbé etí lé ikùn rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ẹ ò ní gbọ́ ìró kankan. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò; cypermethrin tí wọ́n kọ pé ó wà fún ẹṣin ni kí ẹ wá. Kẹrosíìnì ńkọ́? Ara ẹṣin ló ń bó.

Púpọ̀ ló ń wo ẹ̀gbẹ́ ikùn nìkan. Eégbọn kan tó wọ́pọ̀ lára ẹṣin, Rhipicephalus evertsi, inú ihò etí ni ọmọ rẹ̀ máa ń so mọ́, àgbà rẹ̀ á lọ so mọ́ abẹ́ ìrù. Ẹ fi ìka wá a níbẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ fi ẹ̀mú di ẹnu rẹ̀ mú lẹ́bàá awọ, ẹ fà á gbọnrangandan. Ó máa ń gba ọjọ́ mélòó kan kí eégbọn tó ti kòkòrò sínú ẹ̀jẹ̀.

Abẹ́rẹ́ kan fún ẹṣin mẹ́wàá náà ń gbé àìsàn yìí kiri láìsí eégbọn kankan. Abẹ́rẹ́ tuntun, síríńjì tuntun, fún ẹṣin kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má sì rò pé ẹṣin tó dìde ti mọ́. Theileria máa ń wà lára rẹ̀ títí ayé, abo aláboyún lè fi fún ọmọ inú rẹ̀ tàbí kó ṣẹ́nú. Ìrìn ọ̀nà jíjìn nínú ọkọ̀, eré pólò, tàbí eré ìje ọjọ́ Iléyá lè ta á jí. Kí ẹ tó di gàárì lé e padà, ẹ ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù nígbà tó bá sinmi: bó bá ju 44 lọ ní ìṣẹ́jú kan, tí èrìgì rẹ̀ kò tíì padà sí pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bó ṣe yẹ, ẹ gbé gàárì padà sórí igi.