Rìsíìtì Méjì Lórí Bọ́ọ̀dù Kan: Bí Mo Ṣe Gun Ìgbì ní Erékùṣù Sal

Rìsíìtì méjì ni mo gbà fún ẹrù kan ṣoṣo, ọ̀kan ní Àbújá, èkejì ní Dákà, àpapọ̀ owó tó wà lórí méjèèjì sì ju iye tí mo fi ra ohun tó wà nínú ẹrù náà lọ. Èyí ló mú mi jókòó kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé Àbújá, tó sì ń gbèrò láti gbé bọ́ọ̀dù tí a fi ń gun ìgbì lọ sí erékùṣù kan láàárín agbami Atlantic, kí ó mọ̀ dájú pé kí ìgbì tó dán an wò, àwọn tó ń gba ẹrù ní pápákọ̀ òfuurufú yóò ti dán an wò tẹ́lẹ̀.

Erékùṣù tí mo lọ ni Sal, ọ̀kan nínú mẹ́wàá tó para pọ̀ di orílẹ̀-èdè Cape Verde, ní ìwọ̀-oòrùn Sẹ̀nẹ̀gà. Iná abẹ́ ilẹ̀ ló ti gbogbo wọn jáde láti ìsàlẹ̀ òkun. Ní erékùṣù Fogo, tí òkè oníná rẹ̀ ga tó mítà 2,829, iná náà ṣì wà láàyè: ó bú jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, ó sì bo abúlé Portela àti Bangaeira mọ́lẹ̀. Sal ní tirẹ̀ ti darúgbó, iná rẹ̀ ti kú tipẹ́tipẹ́, afẹ́fẹ́ àti òkun sì ti họ ọ́ títí ó fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Ohun tó kan èmi níbẹ̀ ni pé àpáta dúdú tí iná ìgbàanì yẹn tú jáde nà wọ inú omi ní etí ìwọ̀-oòrùn, bí ìjì ńlá bá sì jà ní àríwá Atlantic láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, ìgbì tó bá ti ibẹ̀ wá máa ń ṣẹ́ lórí àpáta náà. Ponta Preta, tí kò jìnnà sí ìlú Santa Maria, ni gbogbo ayé mọ̀ jù. Èmi fẹ́ èyí tó wà ní ẹ̀gbẹ́ Monte Leão, òkè kékeré tó wà ní orí ìyawọlẹ̀ omi Murdeira, nítorí pé ilé ìtura kankan kò sí níbẹ̀, ọ̀nà ọ̀dà kò dé ibẹ̀, àwọn tó ń lọ kò sì pọ̀.

Bí mo ṣe kọ́ gígun ìgbì kò gba àlàyé púpọ̀. Tarkwa Bay ní Èkó ni mo ti kọ́ ọ, lórí iyanrìn, lọ́wọ́ àwọn ọmọ etíkun ibẹ̀, kí wọ́n tó lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ará àdúgbò náà kúrò nílé ní oṣù kìíní ọdún 2020. Nígbà tí iṣẹ́ gbé mi wá sí Àbújá, adágún Jabi ni mo ti ń fi apá wa bọ́ọ̀dù láàárọ̀ Sátidé, àwọn tó ń sáré ní etí omi a sì máa bi ara wọn léèrè bóyá orí mi pé. Ọ̀rọ̀ físà kò le rárá, nítorí pé àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 fún wa láyè láti wọ Cape Verde fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Ohun tó kù ni kí ènìyàn forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó gbéra, kó sì san owó ààbò pápákọ̀ òfuurufú, 3,400 escudo, owó Cape Verde, tó jẹ́ nǹkan bíi yúrò 31.

Àpò ni mo kọ́kọ́ wá tì. N kò rí ṣọ́ọ̀bù kankan ní Àbújá tó ń ta àpò bọ́ọ̀dù, èyí tí mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì sì ti kọjá agbára mi nígbà tí wọ́n fi owó kọ́sítọ́ọ̀mù kún un. Mo wá tọ Alhaji kan lọ ní Kubwa, ọmọ Ìlọrin tó ń rán ìbòrí àga àti tapólì ọkọ̀ akẹ́rù. Ó wo ìwọ̀n tí mo kọ sílẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà méje ní gígùn, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

“Ọmọ mi, jọ̀ọ́, ṣé òkú lo fẹ́ gbé ni?”

“Rárá o, bàbá. Pákó tí a fi ń ṣeré lórí òkun ni.”

“Láti Àbújá yìí?”

Ó rán an lọ́nà tó wù mí: tapólì búlúù ní ìlọ́po méjì, fóòmù àga láàárín, ó sì tún fi èérún fóòmù kún ibi imú àti ìdí bọ́ọ̀dù náà láìgba kọ́bọ̀ lé e. Nínú gbogbo ohun tí mo sanwó fún nínú ìrìn àjò yìí, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni n kò lè ráhùn sí.

Kí n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, mo ti kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ bàálù náà, tí n kò ní dárúkọ, wọ́n sì fèsì nínú ímeèlì pé ẹrù eré ìdárayá ni àwọn yóò ka bọ́ọ̀dù sí, pé owó kan ṣoṣo ni, pé owó náà sì bo ìrìn àjò láti Àbújá dé Sal. Ní pápákọ̀ Nnamdi Azikiwe, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nídìí òṣùwọ̀n kò wo ímeèlì kankan. “Àǹtí, ẹrù yín ò wúwo,” ni ó wí, “ṣùgbọ́n ó gùn.” Gígùn rẹ̀ ni ó gba owó lé lórí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tó wà nínú ímeèlì. Mo san án, nítorí pé ìlà tó wà lẹ́yìn mi ti ń kùn, mo sì fọkàn balẹ̀ nígbà tí mo rí SID, àmì pápákọ̀ Sal, lórí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àpò náà.

Dákà ni ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Bàálù tó yẹ kó gbé wa rékọjá òkun láti ibẹ̀ jẹ́ kékeré, irú èyí tí fáànù ń yí ní apá rẹ̀. Wọ́n pe orúkọ mi nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, obìnrin kan sì ṣàlàyé fún mi pé owó tí mo san ní Àbújá kò kan bàálù yìí, pé tí n kò bá san òmíràn, ẹrù mi kò ní bá mi lọ. Mo fi ímeèlì hàn án. Ó kà á tán, ó dá fóònù mi padà, ó sì tún iye owó náà sọ. Mo fi káàdì san án, mo gba rìsíìtì, mo wọ bàálù. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ibẹ̀ ni mo wà tí mo fi ojú ara mi rí tapólì búlúù Alhaji lórí kẹ̀kẹ́ ẹrù. Àwọn ọkùnrin méjì gbé e dé ẹnu ọ̀nà ẹrù, wọ́n tì í sí i ní òró, kò wọlé. Wọ́n yí i sí ẹ̀gbẹ́, kò wọlé. Ọ̀kan nínú wọn fi apá wọn àpò náà, ó fi wọn ẹnu ọ̀nà, ó mi orí. Wọ́n gbé e padà sórí kẹ̀kẹ́, wọ́n wà á lọ. Mo pe òṣìṣẹ́ inú bàálù, ó ní kí n de bẹ́líìtì mi.

Ẹ rò ó wò o. Wọ́n mọ ìwọ̀n ilẹ̀kùn bàálù wọn, ìwọ̀n ẹrù mi wà nínú ìwé tí àwọn fúnra wọn tẹ̀, síbẹ̀ wọ́n kọ́kọ́ gba owó ná kí wọ́n tó mọ̀ pé kò lè wọlé.

Ní Sal, mo kọ fọ́ọ̀mù ẹrù tó sọnù, wọ́n sì fún mi ní nọ́ńbà. Láti ìgbà náà, gbogbo òwúrọ̀ ni mo ń wọ bọ́ọ̀sì Hiace láti Santa Maria lọ sí pápákọ̀ Amílcar Cabral ní ẹ̀gbẹ́ Espargos, ìdáhùn kan náà ni mo sì ń gbà: ẹrù rẹ ti wà lọ́nà. Irọ́ ni. Mo ti fi AirTag kan, ẹ̀rọ kékeré tó ń fi ibi tí ẹrù wà hàn lórí fóònù, há inú fóòmù àpò náà, fóònù mi sì ń fi hàn mí pé bọ́ọ̀dù mi kò tíì kúrò ní pápákọ̀ Dákà. Nígbà tí mo fi èyí han ẹni tó wà lórí àga, ó yí ohùn padà, ó ní ọyẹ́ ni, eruku aṣálẹ̀ ni kò jẹ́ kí bàálù gbéra. Lóòótọ́ ni ọyẹ́ máa ń dé Cape Verde, eruku Sàhárà ni àwa náà ń fọ́n símú ní Àbújá ní oṣù kìíní. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni àwọn èrò bàálù kan láti Dákà ń fa àpótí wọn kọjá lẹ́yìn mi.

Ohun tó mú inú bí mi jù ni pé ìgbì kò dúró de ẹnì kankan. Àtẹ ojú ọjọ́ ti fi hàn pé ìgbì tó tó mítà méjì àti ààbọ̀ ń bọ̀ láti àríwá, tí ìṣẹ́jú àáyá 15 wà láàárín ọ̀kan sí èkejì, ó sì dé ní àkókò tí wọ́n sọ gan-an. Bọ́ọ̀dù tí mo rí yá ní Santa Maria jẹ́ ti fóòmù, tó gbòòrò, tó dára fún ẹni tó ń kọ́ ìdúró lórí iyanrìn. N kò ní gbé irú rẹ̀ lọ sórí àpáta, kí ìgbì má fi èmi àti òun gún àpáta pọ̀. Mo kàn lọ jókòó sétí òkun, mo ń wo ìgbì tó ń ṣẹ́ láìsí ẹni tó ń gùn ún.

Alhaji ló gbà mí sílẹ̀. Ó fóònù láti béèrè bí àpò rẹ̀ ṣe rí.

“Bàbá, àpò wà ní Dákà, èmi wà ní Sal.”

“Dákà kẹ̀? Àbúrò mi ń ta aṣọ níbẹ̀, ó ti lé lógún ọdún. Fi nọ́ńbà ẹrù yẹn ránṣẹ́.”

Mo fi àwòrán ìwé ẹrù ránṣẹ́, pẹ̀lú nọ́ńbà fọ́ọ̀mù mi àti lẹ́tà tí mo fọwọ́ sí pé kí ó dúró fún mi. Àbúrò Alhaji, tó gbọ́ Wolof àti Faransé, lọ sí ọ́fíìsì wọn, kò sì kúrò níbẹ̀. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ ni ó pè mí: “Àbúrò mi, mo ti fojú rí i. Wọ́n fi ti ògiri, wọ́n to àpótí síwájú rẹ̀.” Ó dúró títí wọ́n fi kọ ọ́ mọ́ ẹrù bàálù tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bọ́ọ̀dù náà dé ní ọjọ́ kejì, imú rẹ̀ fọ́ díẹ̀ lábẹ́ fóòmù, mo sì fi gúlúù àti téèpù dí i ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Ìgbì ti ń rẹlẹ̀ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n kò tíì tán. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Espargos kan fi píkọ́ọ̀pù gbé mi gba orí òkúta dé ibẹ̀ kí oòrùn tó yọ. Ó ní kí n má ṣe wọ omi níbi tó bá dákẹ́ lójú, nítorí pé ibẹ̀ ni àpáta ti sún mọ́ òkè jù; ó tọ́ka sí ihò kan níbi tí omi ti ń padà sẹ́yìn, ó ní kí n ka ìgbì títí àwọn ńlá yóò fi kọjá, kí n wá fò lé ẹ̀yìn èyí tó kẹ́yìn. Bàtà rọ́bà wà lẹ́sẹ̀ mi. Láàárín ojú àpáta ni àwọn ẹranko òkun kékeré dúdú ẹlẹ́gùn-ún tí òyìnbó ń pè ní sea urchin kún sí, ẹ̀gún wọn ń rọra mì bí omi ṣe ń wọlé tó ń jáde, mo sì ń wá àyè tí mo lè fi ìka ẹsẹ̀ sí láàárín wọn.

Ní Tarkwa Bay, ilẹ̀ iyanrìn máa ń ga díẹ̀díẹ̀, ìgbì á sì jẹ́ kí ènìyàn múra. Níbí, láti inú omi jíjìn ni ìgbì ti ń bá àpáta pàdé lójijì, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á dúró, orí rẹ̀ á sì máa bọ̀ síbẹ̀, nítorí náà ó ń dìde sókè kí ènìyàn tó rò pé ó yẹ kó dìde. Afẹ́fẹ́ ìlà-oòrùn tó ń fẹ́ láti orí ilẹ̀ ń di ojú rẹ̀ mú kí ó má tètè wó, ó sì ń da omi sí mi lójú. Mo jẹ́ kí àwọn àkọ́kọ́ kọjá. Nígbà tí mo wa ọ̀kan, tí mo dìde, ẹsẹ̀ òsì síwájú, ojú mi sí ògiri omi náà, mo rí àpáta dúdú tó ń sáré kọjá lábẹ́ mi kedere, mo sì gùn ún títí ó fi wọ inú omi jíjìn, tó rọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fun fèrè ọkọ̀ láti etí òkun. Èmi tí mo ń fi apá wa omi Jabi ni o! Mo gun òmíràn àti òmíràn títí apá mi fi kọ̀.

Bí mo bá tún lọ, ohun àkọ́kọ́ tí màá béèrè ni irú bàálù tó kéré jù nínú gbogbo ìrìn àjò náà àti gígùn ẹrù tó lè wọ inú rẹ̀, n kò sì ní ra tíkẹ́ẹ̀tì títí wọn yóò fi kọ ọ́ ránṣẹ́. Màá gbé fíìnì abẹ́ bọ́ọ̀dù, okùn tí a fi ń so bọ́ọ̀dù mọ́ ẹsẹ̀, ìda àti bàtà rọ́bà lọ́wọ́, kò ní wọ inú ẹrù ńlá. N kò ní lọ láìsí AirTag. Kí ẹni tó bá sì bọ́ sí irú wàhálà yìí rántí Àdéhùn Montreal ti ọdún 1999, tó ti di òfin ní Nàìjíríà: ọjọ́ méje ni ènìyàn ní láti kọ̀wé bí ẹrù bá fọ́, ọjọ́ 21 bí ó bá pẹ́ dé, láti ọjọ́ tí ó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Lẹ́tà ni kí ó kọ, kí ó má gbọ́kàn lé fóònù. Láti ìparí ọdún 2024, ohun tí èrò kan lè gbà lórí ẹrù lè tó SDR 1,519, owó ìṣirò tí IMF ń lò, bí ó bá lè fi ẹ̀rí ìpàdánù rẹ̀ hàn.

Mo kọ tèmi kí ọjọ́ méje tó pé, mo so àwòrán imú bọ́ọ̀dù tó fọ́ àti rìsíìtì méjèèjì mọ́ ọn. Wọ́n kọ́kọ́ fèsì pé àwọn yóò fún mi ní ẹ̀dínwó fún ìrìn àjò mìíràn pẹ̀lú wọn. Mo ní owó ni mo san, owó ni mo fẹ́ gbà. Wọ́n ti dá ti Dákà padà. Èyí tí wọ́n gbà lé ní Àbújá àti owó àtúnṣe bọ́ọ̀dù ṣì wà lọ́wọ́ wọn, mo sì ti tún fi ímeèlì wọn àkọ́kọ́ yẹn ránṣẹ́ sí wọn lẹ́ẹ̀kan sí i.