Bí mo ṣe tún yàrá àbúrò mi ṣe lẹ́yìn tó fi orí gbá títì

Ọ̀kadà ló gbé e ṣubú ní òpópónà márosẹ̀ Ṣàgámù sí Bẹ̀nín. Nígbà tó fi padà sílé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń gbé e, ṣùgbọ́n ọpọlọ ò tíì bọ̀ sípò. Ariwo díẹ̀, á fi ọwọ́ di etí.

Mo ti tún yàrá rẹ̀ ṣe bíi yàrá ìyàwó. Mo gbé àwòrán Ojúde Ọba kọ́ káàkiri, mo tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà dúdú àti funfun. Ọjọ́ tó wọlé, ó gbé ẹsẹ̀ sókè fíofío kó tó sọdá ibi dúdú kan.

“Bọ̀dá mi, ihò wà níbẹ̀.”

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo ká a kúrò. Physiotherapist rẹ̀ ṣàlàyé fún mi pé ọpọlọ tó fara pa lè má lè ya ohun tó kàn án sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò kàn án. Gbogbo rẹ̀ ló ń ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù jáde. Àwòrán Màmá nìkan ló kù lára ògiri. Jẹnẹrétọ̀ kúrò nídìí fèrèsé. Mo yọ iná gbọọrọ tó ń ṣẹ́jú. Mo gbé aago ńlá àti kàlẹ́ńdà kọ́, mo kun ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní búlúù kó má baà ṣì í mọ̀, wẹ́dà sì fi páìpù tó lè dì mú ṣe ọ̀nà débẹ̀. Mo ní kí àlejò má ju méjì lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀gbọ́n Màmá kan bínú, kò tíì dá mi lóhùn títí di òní.

Mo yí bẹ́ẹ̀dì kọjú sí igi máńgòrò. Ní 1984, Roger Ulrich, olùwádìí ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ jáde pé àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ òróòro fún, tí fèrèsé wọn kọjú sí igi, tètè lọ ilé ju àwọn tó ń wo ògiri bíríkì lọ. Òróòro kì í ṣe ọpọlọ, mo mọ̀, ṣùgbọ́n máńgòrò náà ò ná mi ní kọ́bọ̀.

Apá òsì ló le jù. Ojú rẹ̀ ríran, ọpọlọ ni kì í ka ohun tó bá wà lósì sí. Á jẹ ìkọ́kọrẹ́ apá ọ̀tún àwo, á ní òun ti yó. Màmá rò pé kò lè jẹun mọ́. Mo lẹ téèpù pupa mọ́ etí àwo lápá òsì, mo ní, “Wá pupa yìí kàn kó o tó dìde.” Mo lẹ òmíràn mọ́ férémù ilẹ̀kùn tó máa ń fi èjìká gbá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìka rẹ̀ ń rìn lórí àwo títí ó fi kan téèpù. Ó wo ibẹ̀ pẹ́.

“Màmá, àṣé ẹja wà níbí!”